Orúkọ Kejì Tí Mo Yọ Kúrò Nínú Ìwé Ilé Ìgbìmọ̀

Ẹ̀yin ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wa, ẹ ní kí n kọ ojú ewé méjì nípa ife tí a gbà lọ́dún 1964, kí ẹ lè tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé àjọ̀dún yín. Ẹ tún ní ẹ fẹ́ fi orúkọ mi pe pápá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ tuntun tí ẹ ń kọ́. Mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbé orúkọ mi sára ògiri, òótọ́ gbọ́dọ̀ jáde, ẹnu mi ló sì gbọ́dọ̀ gbà jáde, torí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n kò fẹ́ sọ ọ́. Dókítà ti sọ fún mi pé kídìnrín mi méjèèjì ti ń kọṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó ń palẹ̀ ẹrù mọ́ kò yẹ kó kó ẹrù ẹlẹ́rù mọ́ tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ti di ọgọ́ta ọdún tí orúkọ ẹnìkan ti wà lọ́wọ́ mi.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí mo jẹ́, kí ẹ má baà rò pé èṣù ló tì mí. Orúkọ mi ni Adémúyìwá. Ìyá mi, Àìná, ń ránṣọ ní Òkè-Àgbò ní Ìjẹ̀bú-Igbó, èmi nìkan ló sì bí. Láti kékeré ló ti ń sọ fún mi pé ìfura loògùn àgbà. Bí aládùúgbò bá gbé oúnjẹ fún wa, a óò dúpẹ́, a óò gbé e wọlé, a kò ní fẹnu kàn án. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dàgbà. Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín sí mi, mo ń wá ohun tó fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi. Ẹni tí kò bá rẹ́rìn-ín, mo gbà pé mo ti mọ ohun tó wà níkùn rẹ̀. Oògùn náà jẹ́ fún ìyá mi, torí díẹ̀díẹ̀ ló ń lò ó. Èmi lò ó ní àlòjù.

Òyìnbó Amẹ́ríkà kan ló gbé eré náà dé ọ̀dọ̀ wa, ọ̀dọ́mọkùnrin gíga kan tó wá kọ́ wa ní ìṣirò. Ó ní kí káfíńtà ri òpó méjì mọ́lẹ̀, ó ní kí alágbẹ̀dẹ rọ òrùka irin sí i lórí, ó wá ń kọ́ wa bí a ṣe ń ju bọ́ọ̀lù sínú rẹ̀. Àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé àgbàyà ni wá, à ń ju ọsàn sápẹ̀rẹ̀. Ìyá mi ló rán aṣọ eré wa, mẹ́wàá, aláwọ̀ aró. Nítorí pé kò rí irú aṣọ bẹ́ẹ̀ rí, ó fi kọ́là sí ọrùn wọn bí aṣọ tí à ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Òyìnbó rẹ́rìn-ín títí, ó ní ká máa wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀. Èmi ni Kápútẹ́nì. Ọ̀rẹ́ mi Gbénró ni igbákejì mi. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ eré náà jù nínú wa ni Mùtàlíbù, ọmọ Èfìrè létí ọ̀sà, ọmọ ìmàle kan tí bàbá rẹ̀, Ràímì, ń fi ẹja pípa rán an níléèwé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà kọ̀ọ̀kan, bàbá náà á fi ọkọ̀ ojú omi gbé e lọ sí ọ̀nà Abígi, á fi í sínú lọ́rì, á sì dúró títí lọ́rì náà yóò fi lọ.

Mùtàlíbù ní àṣà kan. Bí ó bá fẹ́ ju bọ́ọ̀lù láti ọ̀nà jíjìn, yóò kọ́kọ́ fi eyín di etí kọ́là rẹ̀ mú, yóò yí ara díẹ̀, yóò jù ú, nígbà náà ni yóò tó tú eyín sílẹ̀. Bọ́ọ̀lù náà á sì wọlé. Gbénró ló kọ́kọ́ sọ ọ́ sí mi létí, ní ọjọ́ tí a lọ ju bọ́ọ̀lù ní Àgọ́-Ìwòyè. Ó ní ṣé mo ti wo ohun tí ọmọ olómi yìí máa ń gé jẹ kó tó ju bọ́ọ̀lù, ó ní àwọn ará etí omi kì í rìn lásán. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ní ọjọ́ kejì, mo lọ síbi tí a sá aṣọ wa sí, mo fi ìka tẹ kọ́là Mùtàlíbù láti ìkangun dé ìkangun. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju àpá eyín lọ. Ẹlòmíràn ì bá gbàgbé ọ̀rọ̀ náà níbẹ̀. Èmi ní, áà, ó ti yọ ọ́ pamọ́ kí n tó dé.

Nínú oṣù kejì ọdún náà la gba ife gbogbo ilé ẹ̀kọ́ girama Ìwọ̀-Oòrùn ní Ìbàdàn. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n fọn fèrè, àwa àti ilé ẹ̀kọ́ kejì jọ wà ní dọ́gbandọ́gba, bọ́ọ̀lù bọ́ sọ́wọ́ Mùtàlíbù lọ́nà jíjìn. Ó di kọ́là mú, ó jù ú, ó wọlé. Wọ́n gbé e sókè, mo wà lára àwọn tó gbé e. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ọnọrébù tó ń ṣojú agbègbè wa wá sí ilé ẹ̀kọ́. Ó ní òun yóò gbé àbá kalẹ̀ nínú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin kí gbogbo Ilé kí wa, wọn yóò ka orúkọ wa lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn yóò sì kọ ọ́ sínú ìwé Ilé, níbi tí kò ní parẹ́ láéláé. Àwa yóò jókòó lókè níbi tí àwọn àlejò ń jókòó sí, ẹnìkan nínú wa yóò sì dìde gba ìkíni náà lórúkọ gbogbo wa. Kò sọ ẹni tí yóò dìde. Mi ò sùn dáadáa mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ní ọjọ́ kẹta, mo rí òyìnbó àti Mùtàlíbù lábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn kíláàsì. Mùtàlíbù ń ju apá, ó ń sọ̀rọ̀, ó tún fi eyín di kọ́là mú. Òyìnbó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń kọ nǹkan sínú ìwé kékeré kan. Nígbà tí wọ́n rí mi, wọ́n juwọ́ sí mi. Mo mú ọ̀rọ̀ náà lọ bá Gbénró, mo ní wọ́n ti ń kọ orúkọ ẹni tí yóò dìde. Gbénró ní Pirinsipá wa kò gba olóògùn láyè, bó bá rí nǹkan lára ọmọkùnrin náà, ọ̀rọ̀ ti parí. Mo ní mo ti wá nǹkan náà, mi ò rí i. Ó wá wí pé, "Bó bá ti yọ ọ́, ká bá a dá a padà síbẹ̀ ni." Ẹ wo bí ó ti rọrùn tó létí. A kò sọ pé a fẹ́ purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni, ohun tí a gbà pé ó fi pamọ́ ni a fẹ́ bá a gbé jáde. Gbénró mú tírà kékeré aláwọ kan wá, ó ní inú àpótí ìyá bàbá òun lòun ti mú un. Òun kò mọ abẹ́rẹ́ dì mú. Èmi ni ọmọ aránṣọ.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni. Àwọn yòókù ti lọ wẹ̀ lódò. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi, mo tú ìdí kọ́là Mùtàlíbù díẹ̀, mo ti tírà sínú rẹ̀, mo sì rán an padà bí ìyá mi ṣe kọ́ mi, abẹ́rẹ́ á padà sẹ́yìn díẹ̀ kó tó lọ síwájú, kí òwú má baà já. Ọwọ́ mi kò gbọ̀n. Bí mo bá rántí ọ̀rọ̀ yìí, pé ọwọ́ mi kò gbọ̀n ló máa ń bà mí lẹ́rù jù. Lẹ́yìn náà mo wẹjú, mo lọ kan ilẹ̀kùn Pirinsipá, mo ní nítorí orúkọ rere ilé ẹ̀kọ́ yìí ni mo ṣe wá.

Ní òwúrọ̀ Ẹtì, níwájú gbogbo ilé ẹ̀kọ́, Pirinsipá ní kí ẹni tó bá ti rí Mùtàlíbù tó ń gé kọ́là rẹ̀ jẹ kó nawọ́ sókè. Kò sí ẹni tí kò nawọ́. Ó fi abẹ ìfárùngbọ̀n la kọ́là náà, tírà sì bọ́ sílẹ̀. Òyìnbó ìbá ti sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó ti lọ sí Èkó láti ìrọ̀lẹ́ àná. Pirinsipá ní kí Mùtàlíbù sọ ohun tó ní í sọ.

"Bí a ṣe ń ju àwọ̀n nílé wa ni, sà," ni Mùtàlíbù wí. "Eyín la fi ń di etí rẹ̀ mú. Ọwọ́ méjì kò ká a."

Gbogbo ilé ẹ̀kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. A jẹ ẹja Èfìrè àti ti Màkún-Omi láti ìgbà tí a ti dáyé, a kò rí bí wọ́n ṣe ń ju àwọ̀n rí, kò sì sí ẹni tó bi í léèrè. Pirinsipá ní kí wá ni tírà ń ṣe nínú àwọ̀n. Mùtàlíbù mú aṣọ náà, ó wo ojú òwú tí abẹ ti gé. Ó wò ó pẹ́. Ó gbé ojú sókè, ó wò mí, ó sì gbé ojú kúrò. Pirinsipá lé e kúrò ní ilé ẹ̀kọ́. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ó ti gbé àpótí rẹ̀ lérí, ó ń lọ sí ibùdókọ̀. Ó ku oṣù mẹ́sàn-án kó ṣe ìdánwò àṣejáde.

Torí pé ọwọ́ ìwé mi dára, èmi ni Pirinsipá ní kí n da orúkọ wa kọ fún ọnọrébù. Mo kọ tèmi ṣìkíní. Orúkọ kejì ló yẹ kó jẹ́ ti Mùtàlíbù, nítorí bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà nínú ìwé eré. Mo kọ ti Gbénró síbẹ̀. Mẹ́sàn-án péré ni mo kọ. Nígbà tí òyìnbó dé tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó bá Pirinsipá jà, ó ní òun kò ní bá wa lọ sí Ìbàdàn. Mo ní, ẹ ò rí i, mo mọ̀ pé wọ́n jọ ní nǹkan pọ̀.

Ohun tí mo ti sọ yìí burú, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló burú jù. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e la dé Ilé Ìgbìmọ̀ ní Ìbàdàn. Bí a ti jókòó lókè, ọkùnrin kan wọlé, ó wọ agbádá funfun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀, ó gbé apẹ̀rẹ̀ kékeré kan tí a fi ewé bò dání. Ràímì ni, bàbá Mùtàlíbù, tó ti wá kí ọmọ rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ rí. Ọmọ rẹ̀ ti kọ̀wé sọ ọjọ́ náà fún un, ó sì ti kúrò ní Èfìrè láti Ọjọ́bọ̀, ó gba ọ̀nà Màkún-Omi lọ ta ẹja, láti ibẹ̀ ló ti wọ lọ́rì wá sọ́dọ̀ mọ̀lẹ́bí rẹ̀ kan ní Ìbàdàn. Òun àti ọmọ rẹ̀ ti fi ọ̀nà jẹra. Kò mọ nǹkan kan. Ó dá mi mọ̀, ó wá jókòó tì mí, ó bi mí pé ọmọ òun dà. Mo wò ó. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé ó ti mọ̀, ó kàn ń dán mi wò ni. Mo ní Pirinsipá ní kó dúró mójú tó ilé ẹ̀kọ́. Ó mi orí, inú rẹ̀ dùn pé wọ́n fọkàn tán ọmọ òun.

Wọ́n gbé àbá náà kalẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ka orúkọ wa. Mo dìde. Àwọn aṣòfin ń lu tábìlì, gbogbo ojú ń wò mí. Ohun tí mo ṣe gbogbo rẹ̀ nítorí rẹ̀ nìyẹn, kò pẹ́ tó ìgbà tí ènìyàn yóò fi ka mẹ́wàá. Bí mo ti jókòó, bàbá náà di apá aṣọ mi mú. Ó fi ohùn Ìjẹ̀bú etí omi bi mí wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Án ti pe tirẹ̀?"

Ẹ̀yin ọmọ, mo lè sọ pé rárá. Mo lè sọ pé mi ò gbọ́. Mo ní, "Wọ́n ti pè é, bàbá. Òun ni wọ́n pè ṣìkejì, lẹ́yìn tèmi gẹ́lẹ́."

Ó ní òun kò gbọ́ ọ, báwo ló ṣe rí lẹ́nu wọn? Mo bá a fi imú pe Mùtàlíbù bí òyìnbó ṣe máa pè é. Ó ní kí n tún un pè. Mo tún un pè. Ó gbìyànjú rẹ̀ lẹ́nu tirẹ̀, ó ṣí fìlà, ó fi nu ojú. Nígbà tí a jáde, ó gbé apẹ̀rẹ̀ náà fún mi, ẹja yíyan ni, ó ní kí àwa mẹ́wẹ̀ẹ̀wá pín in jẹ. Mo dọ̀bálẹ̀, mo gbà á. Kí lọ́rì wa tó kúrò, mo ti dà á sínú kòtò, torí mo ní bóyá ó ti mọ̀, bóyá ó ti fi nǹkan sí i.

Mo kàwé, mo ṣiṣẹ́ ìjọba, mo fẹ̀yìn tì. Ní gbogbo ibi tí mo ti wá iṣẹ́, mo ń kọ ọ́ pé Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin kí mi lórúkọ. Gbénró di ọlọ́lá nínú ìjọ. Nígbà tó ń kú, ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ó ní kí àwọn ọmọ rẹ̀ jáde, ó wá sọ fún mi pé, "Jẹ́ ká gbé e lọ bẹ́ẹ̀." Mo ní kò burú. Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà Rẹ̀mí, akọ̀wé ẹgbẹ́ yín, dé pé kí n kọ ìtàn ife náà. Ẹ má rò pé ìrònúpìwàdà ló gbé mi dé Èfìrè. Ìfura ni. Mo ní kí ló dé tí wọ́n fi ní kí èmi kọ ọ́, kí ló dé tó fi jẹ́ ìsinsìnyí, bóyá Mùtàlíbù ti ta wọ́n lólobó, wọ́n fẹ́ fi ọwọ́ mi mú mi ni. Mo lọ wo ohun tó ti sọ.

Ọkọ̀ ojú omi ni mo wọ̀ débẹ̀. Kí a tó gúnlẹ̀, mo rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ọkọ̀ tirẹ̀. Ó pín àwọ̀n sí ọwọ́ méjèèjì, ó fi eyín di etí rẹ̀ mú, ó yí ara díẹ̀, ó jù ú, ó tú eyín sílẹ̀. Àwọ̀n náà là lójú omi. Mo ní kí atukọ̀ dúró. Ó rò pé òòyì omi ló kọ́ mi.

Mùtàlíbù wà ní iwájú ilé rẹ̀, ó ń so àwọ̀n tó ya. Irun rẹ̀ ti funfun, ọwọ́ rẹ̀ kò dúró. Ó wò mí, ó ní, "Kápútẹ́nì, o pẹ́." Ìyàwó rẹ̀, Asimawu, gbé àga fún mi, ó bu omi wá. Mi ò mu ún. Mo bi í bóyá ó ti sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní òun ti mọ̀ pé ohun tí mo bá wá nìyẹn.

"Ọjọ́ tí wọ́n la kọ́là yẹn ni mo ti mọ̀," ló wí. "Abẹ́rẹ́ tó ń padà sẹ́yìn, bí ti kọ́là mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tí ìyá rẹ rán. Ojú ẹni tó ń so àwọ̀n kì í fo ojú òwú. Bí mo bá sọ̀rọ̀, Pirinsipá á kọ̀wé sí Ìbàdàn pé a kò wá mọ́, wọn ò sì ní pe ẹnikẹ́ni. Mo ní kí wọ́n pe ẹ̀yin mẹ́sàn-án."

Mo bi í léèrè bàbá rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí àwọ̀n. Ó ní bàbá òun ń jó bọ̀ láti inú ọkọ̀, ó ń pe orúkọ òun bí òyìnbó, gbogbo Èfìrè jáde wá gbọ́. Ta ni yóò sọ fún un pé irọ́ ni? Òun ní bẹ́ẹ̀ ni, bàbá, mo ti gbọ́. Bàbá wá bi òun pé kí ló dé tí òun fi wà nílé. "Mo ní ilé ẹ̀kọ́ ti sú mi. Ọdún mọ́kànlélógún ló lò sí i kó tó kú, kò dárí ìyẹn jì mí. Ó ní ìjọba pè mí lórúkọ, mo kẹ̀yìn sí wọn."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú iyanrìn. Mo sunkún, ẹ̀gbin ńlá ni mo jẹ́ lójú ara mi. Ó ní kí n dìde. Ó ní, "Éè ṣe èmi lo yẹ kó o bẹ̀. Lọ bá àwọn tó gbọ́ orúkọ mẹ́sàn-án." Nígbà tí mo ń lọ, Asimawu di ẹja yíyan mẹ́ta fún mi nínú bébà. Mo gbé e délé, mo fi í sórí pẹpẹ nílé ìdáná. Ọ̀sẹ̀ méjì ló lò níbẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo gbọ́ yẹn, mo ṣì ń wò ó, mo ń rò ó pé kí ló wà nínú rẹ̀.

Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo yín. Ẹ má fi orúkọ mi pe pápá kankan. Ní ọjọ́ àjọ̀dún, ẹ jẹ́ kí Rẹ̀mí dìde, kó ka orúkọ àwa mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, kó ka ti Mùtàlíbù ọmọ Ràímì ará Èfìrè ṣìkejì, lédè Gẹ̀ẹ́sì àti ní Yorùbá, kí ẹ sì rán ọkọ̀ lọ gbé e kó wá gbọ́ ọ nígbà tí etí rẹ̀ ṣì ń gbọ́ràn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá rí ẹnìkan tó ń ṣe ohun tí kò yé yín, ẹ bi í. Òyìnbó tó ti òkè òkun wá bi í lábẹ́ igi máńgòrò, ó sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú bíi tirẹ̀ kò bi í. Ní òwúrọ̀ yìí, kí n tó mú gègé, mo ní kí wọ́n gbé ẹja náà wá fún mi. Mo jẹ ẹ́ tán. Ó ti gbẹ, iyọ̀ rẹ̀ sì pọ̀ díẹ̀. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ ju ẹja lọ.